Ẹ jọ̀ọ́, kọ́ọ̀sì wo ni kí ọmọ mi mú ní Bronx Science?

Ẹ kúulé o, ẹ̀yin ará wa ní New York. Ọmọbìnrin mi yege nínú SHSAT, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ àwọn ilé ìwé girama àkànṣe ní New York; Bronx Science, ọ̀kan nínú wọn, ló sì ti máa bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kẹsàn-án. Wọ́n ní kó yan kọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ náà wá di àríyànjiyàn nílé.

Ìṣirò ló le jù. Ó ti ṣe Algebra ní kíláàsì kẹjọ, ó sì yege nínú Regents rẹ̀, ìyẹn ìdánwò ìpínlẹ̀ New York. Ṣé kó bọ́ sí Geometry tààrà, àbí kó tún Algebra ṣe? Bàbá rẹ̀ ní kó má fàkókò ṣòfò. Èmi ò tíì gbà: 65 ni wọ́n ń pè ní yege, máàkì tirẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ.

Ní ti èdè, Japanese ló ń wù ú (nítorí àwọn kátúùnù Japan orí tẹlifíṣọ̀n!). Spanish ni mo rò pé ó máa wúlò jù, àmọ́ òun náà ló máa kà á.

Ẹ má ní kó kó AP, àwọn kọ́ọ̀sì tó le bíi ti yunifásítì, jọ o. Brooklyn là ń gbé, ọ̀nà ibẹ̀ ju wákàtí kan lọ nínú ọkọ̀ ojú irin. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti gba ibẹ̀ kọjá, kí ni wọ́n mú lọ́dún àkọ́kọ́, kí ni wọ́n sì fi sílẹ̀ di ọdún kejì?