Tòkunbọ̀ ni wọ́n tà fún mi ní tuntun: ibo ni kí n fẹjọ́ sùn ní Èkó?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lóṣù tó kọjá, mo ra fìrísà “tuntun” ní ìsọ̀ kan ní Èkó níbí, ₦385,000, kí n lè máa fi ta ẹja. Ọjọ́ kẹrin ló dákẹ́. Nígbà tí ẹni tó ń tún fíríjì ṣe tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ hàn mí, ọ̀dà dúdú ni wọ́n fi bò ó. Ẹja tó bàjẹ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sọ ọ́.

Mo gbé e padà. Ọ̀gá ìsọ̀ ò tiẹ̀ wò ó. Ó kàn nàka sí ìsàlẹ̀ rìsíìtì, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé owó tó bá ti wọlé kì í padà. Mo fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó kà á, kò fèsì. Mo mú alága ọjà lọ bá a, ló bá ní kí n mú ₦60,000 wá kí àwọn tún un ṣe. Èmi kẹ̀!

Mo mọ̀ pé òfin àpapọ̀ ti ọdún 2018, tí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ń mójú tó, gba oníbàárà láyè láti dá ọjà tó lábùkù padà. Ìjọba Èkó náà ní àjọ tirẹ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ìyẹn LASCOPA.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rin ọ̀nà yìí rí: nínú méjèèjì, èwo ni kí n kọ́kọ́ lọ bí mo bá fẹ́ gba owó mi, tí kì í ṣe àtúnṣe? Ṣé rìsíìtì àti fọ́tò tó, àbí kí n gbàwé lọ́wọ́ ẹni tó tú u?