Ká pè é ní pẹpẹ ìsùn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ lórí ọkọ̀ ojú irin inú fíìmù àtijọ́. Ẹ̀gbọ́n wa ní ká pe kóòṣì tí èrò ń sùn nínú rẹ̀ ní "ọkọ̀ asùn"; àbúrò wa sì ní irú Orient Express yẹn, ọkọ̀ ojú irin olókìkí ayé àtijọ́ tó ń ti Paris lọ Istanbul, "ọkọ̀ ojú irin olówó gọbọi" ló yẹ ẹ́. Ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ìkankan.

Ẹni tó ń ṣe nǹkan ni "a-" máa ń tọ́ka sí: apẹja, akọrin, adájọ́. Ọkọ̀ asùn, ọkọ̀ tó ń sùn nìyẹn. Èrò ló ń sùn, ọkọ̀ ń sáré. Àwọn Faransé ò tilẹ̀ dárúkọ oorun: wagon-lit ni wọ́n ń pè é, lit sì ni ibùsùn. Ó wà nínú orúkọ ilé iṣẹ́ tí Georges Nagelmackers, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù, dá sílẹ̀ ní 1876, àwọn tó gbé Orient Express kúrò ní Paris ní 1883. Ọ̀nà yẹn bá tiwa mu: kóòṣì oníbùsùn. Ó tán.

Berth, ibi ìsùn tí wọ́n ń ká mọ́ ògiri ọkọ̀, ló gbà mí lákòókò. Mò ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú fíìmù North by Northwest ti 1959 fún àwọn òbí mi. Nínú rẹ̀, ọlọ́pàá ń wá Cary Grant, òṣèré àgbà, nítorí ìpànìyàn tí kò ṣe. Eva Marie Saint, òṣèrébìnrin, fi í pamọ́ sínú berth òkè nínú yàrá rẹ̀ lórí ọkọ̀ ojú irin, ó wà níbẹ̀ ní kíká mọ́ ògiri. Bí mo bá kọ "ó fi í pamọ́ sínú ibùsùn", abẹ́ aṣọ ìbora ni ẹni tó ń kà á máa rò ó sí. Berth kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án, ògiri lo máa rí. Lálẹ́, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ á fà á wálẹ̀, á tẹ́ ẹ.

Pẹpẹ ìsùn ni mo kọ. Ẹnìkan ti ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ni pẹpẹ. Rárá o. Nílé ìyá mi àgbà, pẹpẹ alámọ̀ kan wà lára ògiri lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Igbá àti àwo ni wọ́n ń tò sí i. Tí oòrùn bá mú, àwa ọmọdé á kó àwo kúrò, a ó gorí rẹ̀ sùn, torí ó máa ń tutù sí wa lẹ́yìn. Pẹpẹ ti wà nílé wa kí pẹpẹ ìjọ tó dé.

Ní ti olówó gọbọi, iye owó nìkan ló sọ. Ní 1929, yìnyín há Simplon Orient Express, ẹ̀ka Orient Express kan, mọ́ nítòsí Çerkezköy ní Tọ́kì fún bí ọjọ́ márùn-ún. Owó tí èrò san ò dín kù. Ìdẹ̀ra ló lọ. Ìdẹ̀ra yẹn la fẹ́ fún lórúkọ, a sì ní i nílẹ̀: ìgbé ayé gbẹ̀dẹ̀mukẹ. Ọkọ̀ tó ń ti New York lọ Chicago nínú fíìmù yẹn, 20th Century Limited, kápẹ́ẹ̀tì pupa ni wọ́n máa ń tẹ́ fún èrò rẹ̀ ní ìdíkọ̀ nígbà náà. Ọkọ̀ ojú irin gbẹ̀dẹ̀mukẹ ni. Ó gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyá mi gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kò bi mí ní ìbéèrè.

Lọ́la ni mo máa padà sí ibi tí Cary Grant àti Eva Marie Saint ti jọ jókòó sídìí tábìlì kan jẹun nínú ọkọ̀ náà. Kóòṣì ìjẹun ni mo kọ sílẹ̀. Ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó jọ̀ọ́, kó fi ránṣẹ́ lálẹ́ yìí.