Mo ní kòrónà, ológbò mi wá ń sín: ṣé èmi ni mo kó o ràn án?

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i. Àyẹ̀wò ti fi hàn pé kòrónà ló ń ṣe mí, ara mi ti ń fúyẹ́, ikọ́ ló kù, àmọ́ ológbò mi tó máa ń sùn tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì ti bẹ̀rẹ̀ sí sín látàná, ojú ẹ̀ ń ṣomi, kò dẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ jẹun. Ṣé òun náà lè kó o ran àwọn ọmọ? Aládùúgbò mi ní kí n fi sánítáísà nu irun ẹ̀ tàbí kí n kúkú lé e síta. Ọkàn mi ò gbà á.

Bàbá Ajá Mẹ́ta: Lé e síta kẹ̀! Ìwọ lo ń ṣàìsàn, òun ni wọ́n fẹ́ lé 😂

Nọ́ọ̀sì Ẹranko: Má fi sánítáísà kàn án o. Ahọ́n ni ológbò fi ń wẹ̀, ohunkóhun tó bá wà lára irun ẹ̀, inú ẹ̀ ló ń lọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìwọ lo kó o ràn án lóòótọ́. Látìgbà tí wọ́n ti rí i lára ajá kan ní Hong Kong ní 2020, tó jẹ́ pé ẹni tó ni ín ló kọ́kọ́ ní in, ọ̀dọ̀ èèyàn ló sábà ń gbà dé ara ẹran ilé, ológbò sì tètè ń kó o ju ajá lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í tiẹ̀ ṣàìsàn.

Ìyá Ológbò: Ẹ má sáré dá kòrónà lẹ́bi. Àwọn ológbò ní ọ̀fìnkìn tiwọn, herpesvirus àti calicivirus tiwọn, ìyẹn kòkòrò fáírọ́ọ̀sì méjì, ló ń fà á, ìyẹn kì í ran èèyàn. Herpesvirus yẹn kì í kúrò lára wọn mọ́, ó kàn ń fara pamọ́ ni, tí nǹkan bá ti dà wọ́n láàmú ó tún yọjú. Ṣé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára?

Tíṣà Báọ́lọ́jì: Kó ti ara ẹran dé ara èèyàn, ó ń ṣẹlẹ̀ àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n. Ní Thailand ní 2021, ológbò kan sín sí dókítà ẹranko lójú, dókítà yẹn bo imú àmọ́ kò bo ojú, ló bá kó o. Hamster, ẹran ọ̀sìn kékeré tó jọ eku, náà kó o ran èèyàn nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹran ọ̀sìn ní Hong Kong ní 2022. Ṣùgbọ́n ní ti àwọn ọmọ yẹn, ìwọ gan-an ni kí wọ́n máa ṣọ́ra fún, kì í ṣe ológbò.

Àǹtí Ferret: Kì í ṣe kòrónà nìkan o, flu èèyàn máa ń mú ferret, ẹran ọ̀sìn kékeré tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, gan-an. Tó bá ti mú mi, ẹlòmíì ló ń bá mi fún wọn lóúnjẹ.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an. Kékeré ló ti gba abẹ́rẹ́ yẹn, kò gbà á mọ́ látìgbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi ni yóò máa tọ́jú ẹ̀ báyìí. Ṣé kí n fún un ní pàrásítámọ́ọ̀lù díẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Ẹranko: RÁRÁ O!!! Pàrásítámọ́ọ̀lù máa ń pa ológbò, hóró kan péré ti pọ̀ jù. Má dẹ̀ fi máàsìkì sí i lẹ́nu, ìwọ ni kó o lò ó. Tí ẹ̀gbọ́n ò bá sí nílé, bo imú, fọwọ́ kó o tó fọwọ́ kàn án àti lẹ́yìn ẹ̀, má jẹ́ kó sùn lọ́dọ̀ ẹ títí wàá fi sàn. Tó bá ń lanu mí tàbí tí kò jẹ nǹkan kan látàárọ̀ dalẹ́, pe dókítà ẹranko kí ẹ tó gbé e lọ, kó o sọ fún wọn pé kòrónà wà nílé.

Ìyá Ológbò: Kí ẹ̀gbọ́n bá ẹ mú kí oúnjẹ ẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀. Imú tó dí kì í jẹ́ kí wọ́n gbóòórùn, ológbò tí kò bá sì gbóòórùn oúnjẹ kò ní jẹ ẹ́.