Ọjọ́ ìdájọ́ ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà: ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu yín

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2025 tí kóòtù ìjọba àpapọ̀ ní Cleveland ti ní kí Apètù, ọba ìlú Ìpetumodù, lọ fi ẹ̀wọ̀n oṣù 56 jura lórí jìbìtì owó ìrànwọ́ kòrónà, gbogbo ẹgbẹ́ WhatsApp tí mo wà ló ti di ilé ẹjọ́. Àwọn kan ní ó kéré, àwọn kan ní ó ti pọ̀ jù fún orí adé. Mi ò bá wọn dá sí i. Mo ti jókòó nínú irú kóòtù bẹ́ẹ̀ rí, ohun tí mo bá níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí mo rò nílé.

Ní 2024 ni. Àbúrò ọ̀rẹ́ mi ti gbà pé òun jẹ̀bi jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìròyìn ti gbé e kiri pé ó lè fẹ̀wọ̀n ogún ọdún, ìyá wọn ò sì fojú ba oorun mọ́. Ọjọ́ pé, wọ́n gba fóònù wa lẹ́nu ọ̀nà (ẹ gbàgbé ti tẹlifíṣọ̀n, kò sí kámẹ́rà níbẹ̀). Mo ti múra sílẹ̀ fún ẹkún àti ẹ̀bẹ̀. Ìṣirò ni mo bá! Agbẹjọ́rò ìjọba ní owó tó bá a lọ jẹ́ $600,000, agbẹjọ́rò tiwa ní $520,000 ni. Nǹkan bíi wákàtí kan gbáko ni wọ́n fi jà sí i. Ìyá fọwọ́ tọ́ mi, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ìṣirò ni wọ́n wá ṣe ni?"

Ìṣirò náà ni, àṣé. Wọ́n ní ìwé ìlànà kan tó ní ipele-ipele. Jìbìtì bẹ̀rẹ̀ láti ipele 7. Nígbà yẹn, bí owó bá ju $250,000 lọ, wọ́n á fi 12 kún un. Bó bá ju $550,000 lọ, 14. Ẹni tó bá tètè gbà pé òun ṣe é lè rí 3 yọ kúrò. Fún ẹni tí kò ṣẹ̀wọ̀n rí, ipele 16 jẹ́ oṣù 21 sí 27, ipele 18 sì jẹ́ oṣù 27 sí 33. Ẹ ti rí ohun tí wọ́n ń jà sí. Ìjọba ló borí. Kò pọn dandan kí adájọ́ tẹ̀ lé ìwé yẹn láti 2005 tí kóòtù tó ga jù lọ ti sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó fún un ní oṣù 30. Ogún ọdún tí wọ́n ń pariwo yẹn, òkè téńté tí òfin gbà ni.

Ta ló tún ti débẹ̀ rí?

Ògbufọ̀:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo ń ṣe ní kóòtù, ojú gbangba sì ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti ṣẹlẹ̀. Kí adájọ́ tó dájọ́, ó gbọ́dọ̀ bi ẹlẹ́jọ́ bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ. Bàbá kan dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja (àwọn ẹ̀ṣọ́ sáré wá, wọ́n rò pé ó ṣubú ni), ó ní: "Iṣẹ́ Èṣù ni o, ẹ dárí jì mí."

Ẹ sọ fún mi, báwo lẹ ṣe máa túmọ̀ ìyẹn? Ẹnikẹ́ni tí a bí ní Yorùbá mọ̀ pé bàbá yẹn ò sẹ́. Ojú ló ń tì í. Ṣùgbọ́n mo ti búra pé bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ ni màá ṣe gbé e kalẹ̀, mi ò gbọdọ̀ fi àlàyé tèmi kún un. Mo gbé e kalẹ̀. Adájọ́ ju bíírò sílẹ̀. "Ṣé ó ń sọ pé ẹlòmíì ló ṣe é ni?" Àyà mi já. Ipele 3 yẹn ló fẹ́ bọ́ mọ́ bàbá lọ́wọ́ lójú mi.

Agbẹjọ́rò rẹ̀ ní kí wọ́n fún wọn ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Nígbà tí bàbá padà dìde, ohùn rẹ̀ ti wọlẹ̀: "Èmi ni mo ṣe é, sà. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ṣe é." Adájọ́ mi orí. Mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí tipẹ́, kò sí gbólóhùn tó wúwo lẹ́nu mi bí èyí àkọ́kọ́ yẹn.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:
Ẹ̀ ń sọ ti ẹlẹ́jọ́ nìkan. Èmi ni wọ́n jí owó rẹ̀. Mo fẹ́ ra ilé, ẹnì kan wọnú ímeèlì, ó yí nọ́ńbà àkáǹtì padà, $48,000 mi wọgbó. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi ṣiṣẹ́ òru kó owó yẹn jọ. Wọ́n mú àwọn mẹ́ta, kóòtù ní kí wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà. Mo jó, mo yọ̀. Ṣé ẹ mọ iye tó wà nínú ṣẹ́ẹ̀kì àkọ́kọ́? $17. Látinú ọgbà ẹ̀wọ̀n, ẹlòmíì ń san $25 lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, àwa tí wọ́n jẹ ní gbèsè sì pọ̀ tí a jọ ń pín in. Wọ́n ní gbèsè náà á máa tẹ̀ lé wọn fún ogún ọdún lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde. Ọmọ ọdún mélòó ni màá jẹ́ nígbà yẹn?

Bàbá Ìbejì:
Èmi wà lára àwọn jọ́ọ̀rì méjìlá rí, àwọn ará ìlú tó ń sọ bóyá ẹlẹ́jọ́ jẹ̀bi. Wọn ò sọ iye ọdún fún wa, wọ́n tiẹ̀ ní ká má rò ó. A ní ó jẹ̀bi, a lọ sílé. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà ni mo wá ìdájọ́ náà lórí PACER, ìkànnì tí wọ́n ń kó ìwé ẹjọ́ kóòtù ìjọba àpapọ̀ sí, sẹ́ǹtì 10 lójú ewé kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé àwa dúdú nìkan ni wọ́n ń fìyà jẹ, mi ò ní kí ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, oṣù 135 ni wọ́n fún Hushpuppi ní Los Angeles. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì, oṣù 135 kan náà ni wọ́n fún Elizabeth Holmes, obìnrin aláwọ̀ funfun tó fi ilé iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lu àwọn olówó ní jìbìtì, ní San Jose.

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀:
Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mi ò ro tiyín mọ́ ọn. Mo ka ọ̀rọ̀ yín fún ọ̀rẹ́ mi, kò lè sọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá ń rò ó bóyá wọ́n lè dá àbúrò ọ̀rẹ́ mi sílẹ̀ ní ìdajì ẹ̀wọ̀n rẹ̀: rárá o. Ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n bá ṣẹ̀ láti oṣù kọkànlá 1987 kò ní ìyẹn mọ́ ní kóòtù ìjọba àpapọ̀. Ọjọ́ 54 ni ẹni tó bá hùwà dáadáa lè rí yọ lọ́dọọdún. Ìyá ti fi ṣírò, ó ti fi bíírò pupa yí ọjọ́ tí wọ́n máa tú u sílẹ̀ po lórí kàlẹ́ńdà. Ohun tí a ò tíì rí ẹnu sọ fún un ni pé ọmọ náà kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àti pé àwọn aṣọ́bodè tó ń dá àjèjì padà sílé ló máa dúró dè é lẹ́nu géètì lọ́jọ́ náà.