Kíráǹkì kẹ̀kẹ́ mi ò jáde o, tírẹ́ẹ̀dì ẹ̀ sì ti jẹ, ẹ gbà mí

Ọmọ Mọ́níyà: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tí mo rà, ẹni tó tà á fún mi búra pé ọmọ òyìnbó kan ló fi ń lọ iléèwé, pé òjò ò pa á rí, irọ́ pátápátá, torí bíárìn abẹ́ ẹ̀ ń ké bí ilẹ̀kùn ilé àtijọ́. Mo ní kí n pààrọ̀ bíárìn yẹn fúnra mi, kíráǹkì méjèèjì, irin tí pẹ́dàlì wà lẹ́nu ẹ̀, ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde. Kíráǹkì ọ̀tún jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ti òsì ló fẹ́ pa mí, mo fi púlà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń fa kíráǹkì jáde, sí i, mo ń yí i, ló bá já jáde gbàù, ó kó eyín tírẹ́ẹ̀dì inú kíráǹkì bọ̀. Àbúrò mi ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, ìyàwó mi ní kí n kó irin mi kúrò ní pálọ̀. Kí ni kí n ṣe báyìí?

Bàbá Kẹ̀kẹ́: Pẹ̀lẹ́. Irú kíráǹkì wo ni? Orí ọ̀pá àárín ẹ̀, ṣé onígun mẹ́rin ni àbí róbótó tó ní eyín yíká? Púlà wọn ò rí bákan náà. Ó dáa kó o fi fọ́tò sí i.

Ìyá Ìbejì: Raleigh tí bàbá wa ń gùn, pín-ìn ni wọ́n fi de kíráǹkì ẹ̀. Wọ́n á tú nọ́ọ̀tì, wọ́n á fi òòlù gbá pín-ìn yẹn, ó parí. Kẹ̀kẹ́ yẹn ru kòkó, ó ru igi, èmi náà jókòó lẹ́yìn ẹ̀ lọ sọ́jà. Ti ìsinsìnyí ò nílàárí.

Wẹ́dà Ṣáṣá: Òòlù náà ni. Da epo sí i, gbá a látẹ̀yìn. YouTube lẹ máa ń wò jù.

Bàbá Kẹ̀kẹ́: Ẹ má gbá a o! Ti pín-ìn yàtọ̀. Èyí, álúmínì tí wọ́n fún mọ́ ọ̀pá irin ni, tẹ́ ẹ bá ń gbá a, bíárìn lẹ máa fọ́.

Wẹ́dà Ṣáṣá: Ṣebí ó ní bíárìn náà lòun fẹ́ pààrọ̀?

Bàbá Kẹ̀kẹ́: Fúrémù ńkọ́?

Adé Peckham: Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi níbí. Mo yọ bóòtì ẹ̀, mo ń gun kẹ̀kẹ́ yí àdúgbò ká díẹ̀díẹ̀ títí kíráǹkì fi tú fúnra ẹ̀. Àmọ́ ihò ẹ̀ ti fẹ̀, mi ò lè lò ó mọ́, mo jù ú nù ni. Tírẹ́ẹ̀dì tó wà níbẹ̀, mílímítà 22 ni, àwọn kan ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gbẹ́ èyí tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n owó ẹ̀ pọ̀.

Ọmọ Mọ́níyà: Bọ̀dá Adé, ti ọ̀tún ti jáde, ẹsẹ̀ kan ni n ó fi wà á ni? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń dọ́gbọ́n sọ pé mi ò mọ púlà lò, mo mọ̀ ọ́n lò o, ẹ lọ bi ti ọ̀tún.

Bàbá Kẹ̀kẹ́: O ò tíì dá mi lóhùn. Onígun mẹ́rin ni?

Ọmọ Mọ́níyà: Bẹ́ẹ̀ ni sà. Mo ti yọ bóòtì, inú ẹ̀ mọ́, wáṣà nìkan ló kù nísàlẹ̀, ìyẹn kàn jókòó jẹ́jẹ́ ẹ̀ ni, kò dí nǹkan kan lọ́wọ́.

Bàbá Kẹ̀kẹ́: WÁṢÀ KẸ̀? Ohun tó jẹ tírẹ́ẹ̀dì yẹn gan-an nìyẹn! Orí kíráǹkì ni wáṣà yẹn jókòó lé, kì í ṣe orí ọ̀pá. Púlà ń fa kíráǹkì bọ̀ níta, ó sì tún ń ti kíráǹkì kan náà wọlé, ibo ló fẹ́ gbà jáde? O ò bá yí i mọ́jú.

Ọmọ Mọ́níyà: Ti ọ̀tún ò ní wáṣà kankan. Ẹni tó ta púlà fún mi náà ò sọ.

Adé Peckham: Ti ọ̀tún, wáṣà ẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí bóòtì ni, wọ́n jọ jáde. Ẹnì kan ti pààrọ̀ bóòtì ẹ̀ rí.

Ìyá Ìbejì: Mo sọ bí? Pín-ìn ò ní wáṣà.

Wẹ́dà Ṣáṣá: Ó ní o mà, abẹ́ nọ́ọ̀tì ẹ̀ ló wà.

Bàbá Kẹ̀kẹ́: Yọ wáṣà yẹn, fi kerosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ inú ẹ̀, kó o wò ó bóyá tírẹ́ẹ̀dì ṣì kù nísàlẹ̀. Tó bá kù dáadáa, tú irin àárín púlà tó ń ti ọ̀pá sẹ́yìn tán, fi gíríìsì sí i, fọwọ́ yí i wọlé títí ó fi kanlẹ̀ kó o tó fi sípánà fún un.

Ọmọ Mọ́níyà: Mo ti fi mágínẹ́ẹ̀tì sípíkà yọ wáṣà yẹn. Eyín bíi méjì ló kù nísàlẹ̀. Ṣé ó máa dì í mú?

Bàbá Kẹ̀kẹ́: Rárá, má tún fi púlà yẹn kàn án. Lọ yá púlà ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí mẹkáníìkì mọ́tò fi ń yọ bíárìn. Ẹsẹ̀ ẹ̀ á há ẹ̀yìn kíráǹkì, wàá wá irin kékeré bo ihò orí ọ̀pá kí ẹnu púlà lè ráyè tì í, irin yẹn ò gbọdọ̀ kan kíráǹkì. Fún un díẹ̀, dúró, tún fún un.

Wẹ́dà Ṣáṣá: Tàbí kó gbé e wá, kí n fi ayùn gé e.

Ọmọ Mọ́níyà: Kò sẹ́ni tó máa gé e o! Àmọ́ mẹkáníìkì àdúgbò wa, mi ò lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ báyìí, ó ní owó kan tí mo jẹ ẹ́.

Ìyá Ìbejì: Èló ni?