Ìtòpọ̀, àfarawé tàbí ìṣẹ̀dá: kí ni kí a pe ìró tí kọ̀ǹpútà ṣírò jáde?

Ẹ̀yin ará, ohun tó wà nílẹ̀ ni pé kí a rí orúkọ Yorùbá tí a ó lò nínú ìtumọ̀ wa fún iṣẹ́ tí àwọn olùwádìí ní Vilnius, olú-ìlú Lithuania, ṣe lórí ìró èdè wọn, iṣẹ́ tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà pe fáwẹ́lì àti ìsopọ̀ fáwẹ́lì láìsí pé ẹnikẹ́ni la ẹnu. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ́kọ́ dáhùn ní kí a pè é ní "ìtòpọ̀ ìró". Àbúrò wa tó tẹ̀ lé wọn ní "àfarawé ohùn" ló dára jù. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n n kò rò pé ọ̀kankan nínú orúkọ wọ̀nyí bá iṣẹ́ náà mu.

Nígbà tí ènìyàn bá pe [a], tán-án-ná rẹ̀, ìyẹn iṣan méjì inú ọ̀fun tí èémí ń mú gbọ̀n, a máa ṣí, a sì máa pa dé léraléra. Bí ó bá jẹ́ ìgbà 120 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí kò ṣàjèjì nínú ohùn ọkùnrin, a jẹ́ pé ṣíṣí àti pípadé ẹyọ kan kò ju nǹkan bí ìdá 8 nínú 1000 ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Gbogbo ìgbà tí èémí bá gba àlàfo tán-án-ná kọjá ni káà ọ̀fun àti káà ẹnu ń dún, tí ìró náà a ru sókè, tí a sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ kí èémí mìíràn tó dé. Ohun tí wọ́n ṣe ní Vilnius ni pé wọ́n mú irú ìdá kékeré bẹ́ẹ̀ nínú ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, wọ́n sì wá àwọn nọ́ńbà tó ṣàpèjúwe rẹ̀: ìgbì mélòó ló para pọ̀ níbẹ̀, báwo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe yára tó, báwo ló ṣe lágbára tó, báwo ló sì ṣe ń tètè kú. Bí nọ́ńbà wọ̀nyí bá ti pé, ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ti ṣe tirẹ̀ tán; inú ìṣirò ni ìró tuntun yóò ti jáde.

Nítorí náà ni "ìtòpọ̀" kò fi wọlé. Ọ̀nà mìíràn wà tó jẹ́ ìtòpọ̀ lóòótọ́, níbi tí wọ́n ti ń gé ohùn ènìyàn sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n sì ń so ó pọ̀. Òun ni kí a fi orúkọ yẹn pamọ́ fún. "Àfarawé" ní tirẹ̀ yẹ ẹ̀rọ asọ̀rọ̀ tí Wolfgang von Kempelen ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ ní 1791, nítorí pé ewìrì ló fi dípò ẹ̀dọ̀fóró, ahọ́n fèrè ló sì fi dípò tán-án-ná. Ìṣirò kò bá àfipè kankan du ipò. Ìró tó ti jáde lẹ́nu nìkan ló kàn án.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ méjì nínú èdè Lithuania tó fi àǹfààní ìṣirò hàn: áukštas, "gíga", àti aũkštas, "àjà ilé". Lẹ́tà kan náà ni wọ́n fi ń kọ méjèèjì, nítorí pé àwọn ará Lithuania kì í fi irú àmì tó wà lórí a àti u yìí sórí ọ̀rọ̀ àfi nínú ìwé atúmọ̀-èdè àti ìwé ẹ̀kọ́. (Kí ẹnikẹ́ni má bú wọn; ìwé ìròyìn tiwa ńkọ́?) Nínú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ara a ni agbára au wà, nínú èkejì, ara u ni. Ẹni tó ń to ègé pọ̀ ní láti gba ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀, nígbà tí ẹni tó ní ìṣirò lè yí nọ́ńbà gígùn àti ti agbára padà kí ọ̀kan di èkejì. Ẹ jọ̀ọ́, kí a má sì pe ìyàtọ̀ yìí ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀: tiwa ń bẹ lórí sílébù kọ̀ọ̀kan, tiwọn wà lórí sílébù kan ṣoṣo tí wọ́n tẹ̀ mọ́ nínú ọ̀rọ̀.

"Ìṣẹ̀dá ìró" ni èmi fara mọ́. Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò ní Ọlọ́run nìkan ló ń ṣẹ̀dá, ṣùgbọ́n "ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ" ti pẹ́ nínú ìwé gírámà wa, n kò sì gbọ́ pé àlùfáà kankan bínú sí i. Bí a ṣe ń tẹ̀ lé òfin so àfòmọ́ mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe kí ọ̀rọ̀-orúkọ tó yọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ìlànà ìṣirò ṣe ń bí ìró.

Èyí tó kù kò le. "Àpẹẹrẹ" kò tó fún ohun tí wọ́n fi nọ́ńbà kọ́ (èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní model), nítorí pé [a] kan tí ẹnì kan pè ni àpẹẹrẹ. "Bátánì" náà ti níṣẹ́ tirẹ̀ nínú ìmọ̀ èdè, nítorí náà "àwòṣe oníṣirò" ni kí a lò. Kí fọ́máǹtì, ìyẹn ìwọ̀n ìgbì tí káà ọ̀fun àti káà ẹnu máa ń mú dún jù, wà bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ìtumọ̀ wa yóò wá kà báyìí: "A fi àwòṣe oníṣirò ṣẹ̀dá ìró fáwẹ́lì èdè Lithuania, àti ti ìsopọ̀ fáwẹ́lì bíi ai àti au."