Ẹ̀yin tó so ilé ìdáná ìgbàlódé mọ́ ilé àtijọ́ ní ìgbèríko England, kí lojú yín rí?

Ìyá Ìbejì: Ẹ káalẹ́ o. Láti ayé Ọbabìnrin Victoria ni ilé tí a rà yìí ti wà. Ilé ìdáná rẹ̀ há débi pé bí mo bá ń rokà, ìgúnpá mi á máa gbá ògiri. A fẹ́ fi tuntun kún un lẹ́yìn, gíláàsì ló wù mí.

Bàbá Kọ́lékọ́lé: Ṣé listed ni, ìyẹn ilé àtijọ́ tí ìjọba kọ sínú ìwé pé kí wọ́n dáàbò bò?

Ìyá Ìbejì: Bẹ́ẹ̀ ni, ní ìpele Grade II, sà.

Bàbá Kọ́lékọ́lé: Háà! Ẹ má yọ bíríkì kan o. Ọ̀tọ̀ ni planning permission, ìyọ̀ǹda láti kọ́lé, ọ̀tọ̀ ni listed building consent, ìyọ̀ǹda láti fọwọ́ kan ilé tó wà nínú ìwé yẹn. Bí ẹ bá ṣiṣẹ́ láìgba consent yẹn, Òfin 1990 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n lè torí ẹ̀ gbé èèyàn lọ sílé ẹjọ́. Inú ilé náà wà nínú ẹ̀, kì í ṣe iwájú tí aráyé ń rí nìkan.

Tọ́pẹ́: Tiwa ò tiẹ̀ sí nínú ìwé kankan. Bíríkìlà fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri àtijọ́ tó bọ́ sínú ilé ìdáná tuntun. Ó dán gbinrin. Kò pé ọdún kan, ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí ara ẹni iná jó. Mo fìka tẹ̀ ẹ́, omi ṣẹ́ jáde. Àṣé lime, ẹfun tí wọ́n ń fi òkúta sísun ṣe, ni wọ́n fi mọ àwọn ògiri yẹn, wọn ò ní àlàfo láàárín bíi tòde òní, wọ́n ń mí, ọ̀rinrin ń gba ara wọn jáde. Sìmẹ́ńtì dí wọn nímú. A ha gbogbo ẹ̀ kúrò, ó gbẹ, a wá fi lime rẹ́ ẹ.

Àkànní: Owó ẹ̀ẹ̀mejì nìyẹn.

Tọ́pẹ́: Ẹ má rán mi létí.

Ògbójú: Ògiri ń mí kẹ̀? Gutter òrùlé yín ló ń jò.

Tọ́pẹ́: Gutter tuntun ni. Ẹ wá wò ó.

Bàbá Kọ́lékọ́lé: Òótọ́ lọ̀rọ̀ Tọ́pẹ́. Àmọ́ ẹ yẹ gutter wò náà.

Àdùkẹ́: Ìyá Ìbejì, ẹ má bẹ̀rù gíláàsì. Òṣìṣẹ́ káńsù tó wá wo tiwa kọ èyí tí a yà jọ ilé àtijọ́, ó ní irọ́ ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gíláàsì tín-ín-rín la wá fi so méjèèjì pọ̀, ẹ ṣì máa rí ògiri àtijọ́ látòkèdélẹ̀. Kìkì pé lóṣù keje, ààrò ni.

Àkànní: Ẹ má so ilé ìdáná pọ̀ mọ́ pálọ̀ o! Ata tí mo dín ní Sátidé, ní Wẹ́sìdeè mo ṣì ń gbóòórùn ẹ̀ lára tìmùtìmù.

Àdùkẹ́: Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń fa èéfín síta.

Àkànní: Mo rà á. Ariwo ẹ̀ ju ti ìyá ìyàwó mi lọ.

Ìyá Ìbejì: Ìyá ọkọ tèmi ń bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ wa o. Ẹ jẹ́ ká padà sórí gíláàsì.